Orúkọ Tó Wà Lára Aago Wúrà Náà

Ẹ lè pè mí ní ojo bí ẹ bá ka èyí tán. Ẹ lè pè mí ní olè pàápàá, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní onírọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí irọ́ ló kó mi sínú rẹ̀, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò tún ní pa òmíràn. Ojú mi yìí ló rí i, etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe òru. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, àwọn ènìyàn ń kọjá lójú títì ní Takie, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Àyà mi máa ń já. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, n óò padà lọ tì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀gá bá kí mi ní ohùn tútù, n kò ní sùn dáadáa. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó ń wá ohun abàmì kiri.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Lọ́dún tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ òyìnbó kan, ẹnjiníà tó ń bójú tó ọ̀nà. Ó fẹ́ gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo sì ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè.

Ohun tí òyìnbó yìí fẹ́ràn jù láyé ni aago ọwọ́ àtijọ́. Ó ní àpótí pẹrẹsẹ kan tó fi aṣọ àrán tẹ́ inú rẹ̀, aago wà níbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó rí níbẹ̀. Aago tuntun ń dán, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kí ni ènìyàn ń fi ògbólógbòó ṣe?

Ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wò ó dáadáa. Ó ní wúrà tó ti pẹ́ lára ènìyàn máa ń pọ́n díẹ̀, pé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe irú àwọ̀ yẹn. Ó ní nọ́ńbà ojú rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí wọ́n bá dán aago bẹ́ẹ̀ tàbí tí wọ́n tún ojú rẹ̀ kùn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí pé àwọn tó ń kó o jọ fẹ́ rí gbogbo ibi tó ti fara gbá. "Aago tuntun kò mọ ẹnì kankan," ó wí. "Èyí ti mọ ènìyàn."

Ọ̀kan ló ṣì ń wá: aago wúrà oníhà mẹ́rin, tí igun rẹ̀ rí rogodo, irú tí wọ́n ṣe ní àkókò ogun Jámánì àkọ́kọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn ará wa tó lọ ṣòwò ní Góòlù Kóòsì. Ó ní bí mo bá bá òun rí i, òun yóò kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ òun kan ní ìlú òyìnbó, n óò sì ráàyè wọ yunifásítì níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ó ti ń ṣe ènìyàn láti máa fẹ́ nǹkan lọ́sàn-án lóru, ẹ óò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára tó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ọkọ̀ ojú omi lójú àlá.

Wàyí o, mo ní àbúrò bàbá kan tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Aago ni ó ń tún ṣe, ní Takie. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju àyè tábìlì kan àti àpótí ìjókòó kan lọ. Bẹ́ǹṣì kan wà níta fún àwọn oníbàárà. Bí aago bá ti wọlé, yóò ya bébà kékeré, yóò kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tí yóò wá gbà á sí i, yóò fi òwú so ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà yóò ṣí ẹ̀yìn aago náà, yóò sì fi abẹ́rẹ́ fa ìlà kékeré kan sínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò fa ìlà kejì dábùú ti àkọ́kọ́. Ó ní kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn òun lè mọ̀ pé òun débẹ̀, òun kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Inú ló run ún lọ́jọ́rú kan láàárín òjò. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti kú.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ẹbí pé jọ láti pín ẹrù rẹ̀. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ ìgò kan jáde. Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n dà sínú rẹ̀: aago ọwọ́ mẹ́fà àti aago àpò kan.

Ẹ má bínú sí àwọn àgbà wa. Lójú wọn, ohun tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ti aláṣọ ni. Ohun tó bá wà lórí tábìlì aláago, ti aláago ni. Ìyàwó Bàbá Kékeré nìkan ló dìde díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tó jókòó sí, ó ní àwọn aago wọ̀nyẹn ní ẹni tó ni wọ́n. Olórí ẹbí fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ìyàwó kì í dá sí i níbi tí wọ́n bá ti ń pín ẹrù ọkọ. Ó tún jókòó.

Bébà wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò tó jò wọ ṣọ́ọ̀bù ti pa yíǹkì wọn rẹ́. Ẹyọ kan ló ṣì hàn. Olórí ẹbí mú aago náà sókè, àyà mi sì já, nítorí wúrà ni, ó ní ìhà mẹ́rin, igun rẹ̀ rí rogodo.

Ó nà án sí mi, nítorí èmi ni akọ̀wé ilé. "Kà á fún wa. Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?"

Mo gbà á. Ìwé kíkọ Bàbá Kékeré ni, ó mọ́ kedere: *Ìyá Kùmásì, Òkè-Ẹlẹ́rin. Sátidé.*

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú mi rí orúkọ náà, ọkàn mi sì rí ọkọ̀ ojú omi. Mo tẹjú mọ́ bébà náà títí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, àbí wọn ò kọ́ yín dé ibẹ̀ yẹn ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Nọ́ńbà iṣẹ́ lásán ni, sà."

Olórí ẹbí ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n máa mú un lọ, pé akọ̀wé ni aago yẹ. Mo já bébà náà, mo fi í sínú àpò. N kò mọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́ nù. Títí di òní n kò tíì lè sọ ọ́ nù.

Nígbà tí mo fi aago náà han òyìnbó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn kò kan òun. Ó fi awò wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú, ó fi ìlà kan hàn mí, ẹyọ kan, tí kò sí ohun tó dábùú rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ tó fà á. Ó wá bi mí bóyá páálí tí aago náà bá wá láti ilé iṣẹ́ wà. Ó ní lójú àwọn tó ń kó aago jọ, aago tó ní páálí tirẹ̀ dà bí ọmọ tí wọ́n mọ bàbá rẹ̀. Ó ní kí n mú aago náà dání lọ, kí n fi wọn páálí tí mo bá rí, pé bí mo bá dé ní Mọ́ńdè, òun yóò kọ lẹ́tà mi.

Mo mọ̀ pé Bàbá Kékeré máa ń to páálí àwọn oníbàárà sábẹ́ tábìlì. Sátidé ni mo wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyàwó Bàbá Kékeré ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti bí mi kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà "ọkọ mi" ló máa ń pè mí, ẹ̀yin ló sì máa ń lò fún mi. Lọ́jọ́ náà, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò tètè fún mi.

Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọkọ mi, Sátidé lòní."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní ìyá arúgbó kan máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù títì. Ó ní ojú ń ti òun láti lọ bá a, nítorí òun mọ ohun tó ń wá, òun kò sì mọ ọwọ́ ẹni tó wà. Nígbà tó sọ èyí, ilẹ̀ ni ó ń wò, kò wo ojú mi. Aago náà wà nínú àpò àyà mi. Mo gba kọ́kọ́rọ́.

Kò tíì sí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí mo dé ibẹ̀. Mo wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín pákó fèrèsé wọlé tín-ín-rín. Òórùn òróró tó fi ń ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé aago náà sórí tábìlì kí ó má bàa já bọ́, mo kúnlẹ̀, mo sì rá wọ abẹ́ tábìlì.

Páálí pọ̀ níbẹ̀, eruku sì bò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo rí èyí tí mo ń wá, páálí pupa kékeré tó ní ìhà mẹ́rin. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn, nítorí ìgbà náà gan-an ni mo gbọ́ ọ.

Kì-kì-kì-kì-kì.

Aago náà ń ṣiṣẹ́.

Mo sọ fún ara mi pé bóyá bí mo ti gbé e kalẹ̀ ló mì í. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ojú láti rá jáde, mo rí ẹsẹ̀ méjì.

Wọ́n wà níwájú àpótí ìjókòó, ní ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ń wà. Bàtà táyà ni wọ́n wọ̀. Èékánná àtàǹpàkò òsì dúdú. Mo mọ ọjọ́ tí ó di dúdú, nígbà tí òòlù já bọ́ lù ú. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí a fi aṣọ dì í tí a sì gbé e sínú pósí, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lóde, obìnrin kan ń polówó iyọ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró irin tín-ín-rín lórí tábìlì, bí ìgbà tí a bá fi abẹ́rẹ́ ha nǹkan. Ó ha á lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró.

"Mo ti parí rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ni. Kò le, kò bínú. Ó dà bí ohùn ẹni tó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo mọ ohun tí ẹ rò pé ẹ̀yin ìbá sọ. Èmi náà ti dáhùn ìbéèrè náà dáadáa ní ìgbà àìlóǹkà láti ìgbà yẹn. Bébà náà wà nínú àpò mi. Mo mọ orúkọ náà bí orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ní ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí ahọ́n ti rìn lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ náà ló tún gbà.

Mo ní, "Nọ́ńbà iṣẹ́ ni, sà."

Mo gbọ́ tó mí jáde ní imú, bó ti máa ń ṣe bí oníbàárà bá sọ pé aago òun kò já bọ́ rí.

"Èmi kì í kọ nọ́ńbà."

Ẹsẹ̀ náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bí ẹni ń yàgò fún ènìyàn láti jáde. Mo rá jáde pẹ̀lú ojú mi ní dídì. Nígbà tí mo là á, kò sí ẹnì kankan lórí àpótí. Aago náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìlà kejì sì ti dábùú ti àkọ́kọ́. Ó tuntun. Eruku wúrà díẹ̀ wà lára pákó tábìlì. Mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo pa aago náà dé, mo tì í sínú àpò àyà, mo sì já síta.

Ìyá arúgbó náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ó rọra kí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti bá mi parí rẹ̀?"

Mo sọ fún un pé bàbá tó ń tún aago ṣe ti kú. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní Sátidé ni bàbá náà dá fún òun, kò sì sí ẹni tó tún dá ọjọ́ mìíràn, ni òun ṣe ń wá.

Lẹ́yìn náà ló sọ ti ọkọ rẹ̀, láì jẹ́ pé mo bi í. Kùmásì ní Góòlù Kóòsì ló ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ló kú sí. Bí a ti máa ń ṣe, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kí a lè sin ín. Aago ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ náà pẹ̀lú.

"A sin irun, a sin èékánná," ó wí. "Aago nìkan ni mo gbà. N kò mọ aago wò, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ kó máa dún ni. Nígbà tí ọkọ mi bá sùn tì mí, aago náà ni mo máa ń gbọ́."

Òyìnbó ti kọ́ mi ní gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń fẹ́ aago yẹn: àwọ̀ wúrà rẹ̀, ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, páálí rẹ̀. Kò sọ èyí fún mi.

Ó gbé orí sókè. "Kí ló ń dún lára rẹ yẹn?"

"Aago tèmi ni, mà."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Kó tó di pé mo yà, ó ti fi etí lé àpò àyà mi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Gèlè rẹ̀ kan àgbọ̀n mi. Nígbà tó kúrò, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ojú ọmọge. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ.

Mo rò pé mo bọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tí mo rò nìyẹn.

Aago náà dákẹ́ kí lọ́rì tó jáde ní ìlú. Òyìnbó gbà á ní Mọ́ńdè pẹ̀lú páálí rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà mi lójú mi. Ó wo ìlà kejì yẹn pẹ̀lú awò, ó bi mí ta ló fà á. Mo ní n kò mọ̀. Nígbà tó di ìsinmi rẹ̀, ó kó àpótí aago rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀, wọn kò sì rán an padà sọ́dọ̀ wa mọ́.

Sátidé kẹta lẹ́yìn tó lọ ni mo tún gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré, ní Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń máàkì ìwé ọmọ kíláàsì ní ọ̀sán. Ó sún mọ́ mi lẹ́yìn bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí mo ń kọ. *Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?* Sátidé tó tẹ̀lé e, mo tún gbọ́ ọ. Mo wọ lọ́rì, mo lọ sí Òkè-Ẹlẹ́rin láti jẹ́wọ́ fún Ìyá Kùmásì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jáde sí mi. Ó ní ìyá òun kò sí nílé mọ́. Ó ti ta aṣọ rẹ̀ díẹ̀, ó ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá ẹni tó ń rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀.

"Ó ní ọkọ òun kò kú," ọmọ náà wí. "Ó ní òun gbọ́ aago rẹ̀ tó ń dún. Ó ní ó wà ní àyà ọmọkùnrin kan ní Takie. A bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má lọ wá ọkọ rẹ̀, kò gbà." Ó wò mí. "Ṣé ẹ mọ ọmọkùnrin náà ni?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Ẹ lọ sọ fún un, nígbà náà."

Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Kùmásì nípasẹ̀ àwọn ará wa tó ń lọ tó ń bọ̀. Kò tíì sí èsì. Ìwé yunifásítì ti dé. Àyè mi wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá débẹ̀, n óò wá òyìnbó náà rí, n óò gba aago náà padà. Ní ọjọ́ mìíràn, mo máa ń rò pé Kùmásì ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà mo máa ń bẹ̀rù pé àwáwí ni méjèèjì, pé mo kàn fẹ́ jìnnà sí Takie ni.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mo ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Ìyàwó Bàbá Kékeré mọ̀, kò bi mí léèrè. Bó bá ti di ọ̀sán, mo máa ń gbọ́ ìbéèrè Bàbá Kékeré láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títì, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo máa ń mú bébà náà jáde, mo máa ń kà á sókè títí àwọn tó ń kọjá yóò fi máa wò mí: Ìyá Kùmásì, Òkè-Ẹlẹ́rin, Sátidé.

N óò gbọ́ ọ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá nǹkan lórí tábìlì tí kò rí i. Lẹ́yìn náà yóò tún bi mí.

Bí oníṣẹ́ ọwọ́ kan bá kú nílé yín, ẹ má fọwọ́ kan tábìlì rẹ̀ kí àwọn tí ẹrù wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó wá. Ìwọ tó mọ ìwé kà láàárín ẹbí, ìwọ gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá na nǹkan sí ọ tí wọ́n ní kí o kà á, ka ohun tí o rí. Kà á ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bi ọ́.